Àwo Òfìfo Tí Merike Gbé Wá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sí ọ̀nà jíjìn, ẹ sún wá. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kó wọlé, kó ti ilẹ̀kùn, atẹ́gùn òkè wa yìí kò mọ àgbà. Ẹ na ẹsẹ̀ sí ìdí iná, ẹ gba tíì lọ́wọ́ ara yín. Ìtàn ìfẹ́ ni mo gbé wá, orin sì wà nínú rẹ̀. Tí mo bá dá a, ẹ bá mi gbè é:

Ẹyẹ dúdú, ẹyẹ funfun,
— Má sọ mí lórí o.
Ilé ẹni tó wù mí ni mò ń lọ,
— Má sọ mí lórí o.
Bí mo bá débẹ̀, màá fún ọ jẹ,
— Má sọ mí lórí o.

Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ó yá, ẹ jẹ́ á máa lọ.

Oṣù kẹsàn-án ni, ìgbà tí ewé tuntun ń yọ, tí àwọn ẹyẹ màgípàì ìlú Wallandra ti ní ọmọ nínú ìtẹ́, tí wọ́n sì ka gbogbo ẹlẹ́sẹ̀ méjì sí olè. Ẹyẹ ọ̀hún jọ kánnákánná. Ohùn rẹ̀ dùn ju fèrè lọ, ṣùgbọ́n lóṣù yẹn, ìwà rẹ̀ kò ṣeé bá gbé. Kò sẹ́ni tó ń gba abẹ́ igi wọn kọjá láìfi nǹkan bo orí.

Lorelle Hanrahan dúró lójú fèrèsé láíbìrì yunifásítì, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó gbé páànù kéèkì dání, ó ń wá àyè tóun náà yóò fi sáré kọjá. Ibẹ̀ ló ti rí i.

Obìnrin gíga kan ni. Ó da ike áísìkirímù bo orí bí ẹni dé fìlà, ó ti kun ojú ńláńlá méjì sí ẹ̀yìn ike náà kí ẹyẹ lè rò pé òun ń wò ó. Ẹyẹ ò rò bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ ń já bọ̀ látòkè bí òkò, gbàù! lórí ike. Obìnrin náà ń sáré, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bíi ti ẹtu, ó gbá àwo funfun kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́. Èyí tó wá ya Lorelle lẹ́nu jù ni pé ó ń kọrin. Ẹyẹ ń nà án, ó ń kọrin fún ẹyẹ!

Lorelle sáré ṣí ilẹ̀kùn. "Ẹ wọlé! Ẹ wọlé, ẹ má dúró kí i!"

Obìnrin náà já wọlé, ó bọ́ ike lórí. Irun rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí irùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo, òógùn bo imú rẹ̀, ẹ̀rín sì ti gba gbogbo ojú rẹ̀.

"Ṣé ó ti lọ?"

"Ó wà lórí igi lọ́hùn-ún, ó ń dúró dè yín."

"Mo kọrin fún un. Nílùú tiwa, ẹyẹ máa ń gbọ́ orin."

"Ti ibí náà ń gbọ́ orin. Ohùn yín ni kò wù ú."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Obìnrin náà ní Merike Tamm lorúkọ òun, láti Estonia, ẹ̀kọ́ nípa koríko àti ilẹ̀ lòun wá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Lorelle náà sọ tirẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Merike wí, "ibo ni Ẹgbẹ́ Òṣùmàrè ti ń mu tíì àárọ̀?"

Lorelle wo àwo ọwọ́ rẹ̀. "Ibẹ̀ náà ni mò ń lọ. Àwo yín yìí ńkọ́?"

"Wọ́n fi ìpè ránṣẹ́ pé ká gbé àwo wá. Mo rò pé àwo wọn ò tó ni. Mo fọ̀ ọ́ dáadáa."

Lorelle bu ètè jẹ. "Ọ̀rẹ́ mi, níbí, tí wọ́n bá ní kéèyàn gbé àwo wá, oúnjẹ ni wọ́n ń retí nínú ẹ̀."

Ojú Merike pọ́n bíi tòmátì. "Áà! Mo gbé àwo òfìfo la ìlú já!"

"Ẹyẹ yẹn ti rí i. Ìdí tó fi ń lù yín nìyẹn."

Bó ti ń sọ ọ́ ló ṣí páànù rẹ̀. Lamington ló ṣe, kéèkì kéékèèké tí wọ́n rì sínú ṣokoléètì, tí wọ́n fi àgbọn rírin yí lára. Ó pín in sí méjì, ó kó ìdajì sínú àwo Merike. "Ó ti di tìẹ. Bí wọ́n bá bi ẹ́, sọ pé ìwọ lo ṣe é."

Ẹ ṣàkíyèsí o: "ẹ" ló fi ń bá a sọ̀rọ̀ bọ̀, àfi bó ṣe di "ìwọ" lẹ́nu rẹ̀. Lamington ló fà á.

Ẹgbẹ́ tí wọ́n ń lọ yìí, inú yunifásítì ni wọ́n dá a sí. Obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin wà níbẹ̀, ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin wà níbẹ̀, ẹni tó ń fẹ́ méjèèjì, ẹni tí wọ́n pè lọ́kùnrin nígbà ìbí tó sì mọ̀ lọ́kàn rẹ̀ pé obìnrin lòun, ẹni tí Ọlọ́run mọ ara rẹ̀ sáàárín akọ àti abo. Àwọn alátìlẹ́yìn wọn náà wà níbẹ̀. Alátìlẹ́yìn a lẹ sítíkà òṣùmàrè mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, kí ọmọ tí ẹ̀rù ń bà lè mọ̀ pé bí òun bá kan ilẹ̀kùn yìí, wọn ò ní fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Àǹtí Glenys ni olórí wọn. Ọmọ onílẹ̀ gan-an ni, àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wà lórí òkè yẹn kí àgùntàn àkọ́kọ́ tó tẹ ibẹ̀. Tàgbà tọmọdé ìlú ló ń pè é ní Àǹtí. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin fẹ́ ọkùnrin láyé àtijọ́, ó sì kú sí ìlú òkèèrè láìsí ẹnì kankan tó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Láti ọjọ́ náà ni Àǹtí ti ní lójú òun, kò sí ọmọ tí yóò dá nìkan wà mọ́.

Àṣà wọn ni pé kí tíì tó dé ọ̀nà ọ̀fun, kálukú yóò sọ orúkọ rẹ̀ àti ohun tó jẹ́. Ó kan Merike. Ó dìde, àwo lamington lọ́wọ́. "Merike ni mí. Obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin ni mí. Mo tún fẹ́ràn koríko."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó kan Lorelle.

"Lorelle. Alátìlẹ́yìn ni mí," ló wí, bó ti máa ń wí láti ọdún mọ́dún.

Ó rí i tí ojú Merike rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀, bí iná fìtílà tí wọ́n dín kù.

Irọ́ ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti ìgbà tí Lorelle ti wà ní ọmọge kékeré ló ti mọ̀ pé obìnrin lọkàn òun ń fà sí. Ó ti bá ara rẹ̀ sọ ọ́ tán: bí mo bá lẹ òṣùmàrè mọ́ ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tí yóò béèrè ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bàbá rẹ̀, Des, àgbẹ̀ àgùntàn ni lẹ́yìn ìlú, ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò sì sí ohun tí Lorelle ní láyé tó ju bàbá náà lọ. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, àwọn méjèèjì ń wo tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ kan. Obìnrin méjì fẹnu ko ara wọn lẹ́nu. Des dìde, ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó fi fìlà dé orí, ó jáde, kò sọ gbólóhùn kan. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló wọ inú Lorelle tó sì kọ́lé síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọkàn kì í gbọ́ àṣẹ. Merike bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí láíbìrì lójoojúmọ́, ó ń yá ìwé tí kò kà.

"Ìwé lórí ọkọ̀ ojú omi lo yá yìí," ni Lorelle wí lọ́jọ́ kan. "Ṣé koríko ń hù lórí omi ni?"

"Bóyá ó ń hù. Ṣé o ti débẹ̀ wò?"

"O kì í ṣe ẹni tó ń kàwé. O kàn ń gbé ìwé rìn kiri ni."

"Ó ń jẹ́ kí apá mi le, kallis."

"Kí ni kallis?"

Merike fi ojú wá ìwé. "Nílùú wa, ohun tó bá wọ́n lọ́jà, kallis là ń pè é."

Kò sọ pé ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ni wọ́n fi ń pe olólùfẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ bí? Ọ̀wọ́n! Èèyàn jìnnà síra wọn tó báyìí, ọ̀rọ̀ wọn sì ń ṣe ìbejì.

Kérésìmesì dé, nínú ooru àti eṣinṣin bó ti máa ń rí, Lorelle sì mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sóko bàbá rẹ̀. Des jókòó sábẹ́ òrùlé iwájú ilé, ajá rẹ̀ Biscuit nà sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ káàsán, Ọ̀gbẹ́ni Hanrahan," ni Merike wí.

"Ọ̀gbẹ́ni Hanrahan ti kú. Bàbá mi ni. Des lorúkọ tèmi. Ṣé ìwọ ni wọ́n ń san owó fún torí pé o ń wo koríko?"

"Èmi ni. Tiyín nìkan ni mi ò tíì wò."

"Kí ló ṣe tèmi?"

"Ebi ń pa á."

Biscuit pàápàá gbé orí sókè. Des dìde gàgà, ó ní kó wá fi hàn òun. Wọ́n lọ, wọ́n kúnlẹ̀ sáàárín pápá, wọ́n ń fa gbòǹgbò tu, wọ́n ń pariwo mọ́ra wọn lórí òjò àti erùpẹ̀ títí oúnjẹ fi tutù. Nígbà tí wọ́n padà, erùpẹ̀ bo orúnkún àwọn méjèèjì.

"Ọ̀rẹ́ rẹ oníkoríko yìí lágídí," ni Des wí fún ọmọ rẹ̀. "Mú un wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Nígbà tí wọ́n ń lọ, Merike rí òkìtì igi ìdáná ńlá kan lẹ́yìn ilé. Lorelle ní, "Igi Dádì nìyẹn. Lọ́dọọdún kí otútù tó dé, á là á, á fi ọkọ̀ kó o lọ sílé èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀ẹ̀kan ni ará àdúgbò kan fẹ́ rà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní kì í ṣe títà, igi àwọn ọmọ òun ni."

Lẹ́yìn ọdún tuntun, Lorelle àti Àǹtí Glenys ń fọ ife lẹ́yìn tíì àárọ̀.

"Ọmọ mi, ta lò ń tì lẹ́yìn gan-an?" ni Àǹtí béèrè.

"Gbogbo wọn ni, Àǹtí."

"Hẹn-ẹn. Gbogbo wọn ló mu tíì. Ife ẹnì kan ṣoṣo lo sì fi oyin sí."

Ife bọ́ lọ́wọ́ Lorelle sínú omi ọṣẹ. Àǹtí Glenys bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú kọrin, ó ń nu ife tirẹ̀ bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan.

Ìgbà tí ewé ń pọ́n ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́. Àwọn méjèèjì jókòó sórí àga gbọọrọ níwájú láíbìrì, ewé ń já lé wọn lórí.

"Wọ́n pè mí síṣẹ́ ní New Zealand," ni Merike wí. "Iṣẹ́ tí kò ní máa tán lọ́dọọdún bíi ti ibí. Wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì kí oṣù yìí tó parí."

"Ó dáa," ni ẹnu Lorelle wí. Ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

"Ó dáa?"

"Iṣẹ́ gidi ni."

Merike ṣa ewé kan lórí itan rẹ̀, ó ń yí i. "Ohun kan ṣoṣo ló lè dá mi dúró níbí. Ó ṣeni láàánú pé alátìlẹ́yìn ni."

Lorelle gbọ́ ọ. Ó gbọ́ ọ dé ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ Merike, ó wò ó lójú. "Merike, látọjọ́ ike áísìkirímù ni mo ti ń fẹ́ ẹ."

Kí ni mo fẹ́ sọ fún yín? Merike fi ẹnu kò ó lẹ́nu lábẹ́ igi tí ewé rẹ̀ pọ́n bí wúrà, ó ń pè é ní kallis, kallis, ó sì wá sọ ìtumọ̀ kejì fún un nígbẹ̀yìn. Lorelle ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, "O ti ń pè mí bẹ́ẹ̀ látọjọ́ yìí, ìwọ olè yìí!" Ká ní ibẹ̀ ni ìtàn parí sí, à bá ti máa lọ sùn.

Ṣùgbọ́n Lorelle ní, "Má jẹ̀ẹ́ kí Dádì gbọ́ ṣá o. Jẹ́ kí n ṣì máa pè ẹ́ ní ọ̀rẹ́ mi."

Merike fà sẹ́yìn. "Títí dìgbà wo?"

Lorelle tẹjú mọ́ ewé ilẹ̀.

"Gbọ́ mi," ni Merike wí, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Nílùú wa, mo fẹ́ obìnrin kan tó ń pè mí ní ọ̀rẹ́ òun. Ọdún gorí ọdún. Ọjọ́ tó fẹ́ ọkọ, èmi ni wọ́n ní kí n wá kọrin ìgbéyàwó, torí pé ọ̀rẹ́ ni mí, ohùn mi sì dùn. Mo kọ ọ́. Mo kọ gbogbo ẹsẹ̀ orin náà tán. Mi ò lè kọ irú orin yẹn mọ́ láyé mi. Alátìlẹ́yìn dáa, Ọlọ́run bù kún wọn. Àmọ́ ẹ̀yìn ni wọ́n ń dúró sí. Ẹni tó bá máa fẹ́ mi, ẹ̀gbẹ́ mi ni kó dúró sí."

Ó fi ẹnu kan iwájú orí Lorelle, ó dìde, ó lọ.

Ẹ bá mi gbè é díẹ̀, kó má bàa dùn wá jù:

Ẹyẹ dúdú, ẹyẹ funfun,
— Má sọ mí lórí o.
Ẹ̀rù ló tì mí mọ́lé tí mi ò lè lọ,
— Má sọ mí lórí o.

Ní ọ̀sẹ̀ náà, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì Lorelle, kó, kó, bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n má gbọ́. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ni, Tegan lorúkọ rẹ̀, láti abúlé ọ̀nà jíjìn ní apá ìwọ̀ oòrùn. Ó jókòó, ó ń fa ọwọ́ súwẹ́tà rẹ̀.

"Mo rí sítíkà tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yín. Mi ò wá gba ìmọ̀ràn o. Mo kàn ń wá àgbàlagbà kan ni."

"Àgbàlagbà wo?"

"Ẹni tó rí bíi tèmi. Tó ń fẹ́ obìnrin, tó sì dàgbà sí ibí, tó ń lọ ra búrẹ́dì, tó ń ṣiṣẹ́, tí nǹkan kan ò ṣe é. Mo kàn fẹ́ fojú rí ọ̀kan. Ẹ̀yin kọ́, mo mọ̀, alátìlẹ́yìn lẹ̀yin. Ṣé ẹ mọ ẹnì kan?"

Lorelle wo ọmọ náà. Ó rí ara rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, níwájú tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n pa. Gbogbo àwọn ọdún wọ̀nyí ló ti lẹ òṣùmàrè mọ́ ilẹ̀kùn, ó wá jẹ́ pé ẹni tí ọmọ ń wá gan-an ló fi ilẹ̀kùn náà pa mọ́.

"Mo mọ ẹnì kan," ló wí. "Èmi ni."

Tegan kàn wò ó, wò ó, bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ tó rí omi. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ sì ń ra búrẹ́dì?"

"Lójoojúmọ́."

Ọjọ́ tíì àárọ̀ pé. Merike jókòó sí ìgun yàrá, kò wo ibì kankan. Kálukú sọ tirẹ̀, ó kan Lorelle, ó dìde.

"Lorelle ni mí. Èmi kì í ṣe alátìlẹ́yìn mọ́."

Olùkọ́ ìṣirò kan, Graham, gbé sikóònù, búrẹ́dì kékeré tó ń jẹ, kalẹ̀. "Áà, kí la fi ṣẹ̀ ọ́? Ṣé nítorí pé mo jẹ lamington tó kẹ́yìn lóṣù tó kọjá ni? Mo bẹ̀ ẹ́, má fi wá sílẹ̀."

"Graham, jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀! Mi ò fi yín sílẹ̀. Inú ẹgbẹ́ gan-an ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀. Obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin ni mí. Ó ti pẹ́. Èyí tí mo sì ń fẹ́ wà nínú yàrá yìí, àkọ́kọ́ tó wá síbí, àwo òfìfo ló gbé wá."

"Ṣebí òun ló ṣe lamington ọjọ́ yẹn!" ni Graham wí.

"Irọ́ la pa fún ọ, Graham."

Ẹ̀rín bú, àtẹ́wọ́ bú, Àǹtí Glenys ń fi etí aṣọ nu ojú, ó ní, "Mo ti ń wo oyin yẹn tipẹ́!" Merike là wọ́n kọjá, ó wá dúró. Kò dúró níwájú Lorelle, kò dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló dúró sí.

"Ó ku Dádì," ni Lorelle sọ sí i létí.

"Ó ku Dádì," ni Merike wí. "A jọ ń lọ ni."

Wọ́n lọ lọ́jọ́ Sátidé. Des ń mu tíì nínú ilé ìdáná.

"Dádì, Merike kì í ṣe ọ̀rẹ́ mi."

"Ẹ jà?"

"A ò jà. Mo fẹ́ ẹ ni. Obìnrin ni mo máa ń fẹ́, láti kékeré. Òun ni mo fẹ́ bá gbé ayé mi."

Des gbé ife kalẹ̀. Ó wo Lorelle, ó wo Merike. Ó fi fìlà dé orí. "Ọgbà apá òkè ti já," ló wí. Ó jáde, Biscuit tẹ̀ lé e.

Bí ti ọjọ́ tẹlifíṣọ̀n gẹ́lẹ́. Lorelle wó sórí àga. Merike dì í mú, kò sọ pé yóò dáa, kò sọ pé má sunkún. Nígbà tí wọ́n dénú ọkọ̀ ló sọ pé, "Mo ti fún àwọn New Zealand lésì. Mo ní mi ò wá."

"O ò tíì mọ ohun tí Dádì máa sọ!"

"Dádì kọ́ ni mo fẹ́ gbọ́ tẹ́nu ẹ̀. Tìẹ ni. Mo sì ti gbọ́."

Des kò pè. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e. Lorelle pè é, fóònù dún títí, kò gbé e. Otútù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, yìnyín ń bo koríko láràárọ̀, ilé tí Merike háyà sí orí òkè sì tutù bí inú kànga.

Àárọ̀ Sọ́ńdè kan, Lorelle wà lọ́dọ̀ Merike, wọ́n jọ wọ kóòtù nínú ilé. Wọ́n gbọ́ gbì! níta. Gbì! Gbì! Wọ́n sáré jáde.

Ọkọ̀ akẹ́rù Des ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Òun fúnra rẹ̀ dúró sẹ́yìn ọkọ̀, ó ń ju igi ìdáná sílẹ̀, òkìtì náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ojú fèrèsé.

"Dádì! Kí lẹ ń ṣe?"

"Kí ló jọ pé mò ń ṣe? Ilé tí kò ní igi lásìkò yìí, ṣé ilé nìyẹn?"

Lorelle mú ọ̀kan nínú igi náà. "Dádì. Igi àwọn ọmọ yín nìkan lẹ máa ń là."

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀," ni Des wí. Ó ju igi kan sí i, gbì! "Mo sì ṣì ń sọ bẹ́ẹ̀."

Merike bú sẹ́kún. Obìnrin tí ẹyẹ nà tó ń kọrin, igi ló pa á lẹ́kún! Des kò mọ ibi tí yóò fi ojú sí.

"Ẹ ò pè mí," ni Lorelle wí. "Mo rò pé bí ẹ ṣe pa tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ yẹn náà ni."

"Tẹlifíṣọ̀n wo?"

Ó sọ ọ́. Des dúró, ó ń rántí, ó bọ́ fìlà. "Ọmọ, àgùntàn ń rọbí lóko lọ́jọ́ náà! Ọmọ inú ẹ̀ fi ìdí bọ̀. Mo gbọ́ igbe ẹ̀." Ó mi orí. "Gbogbo ọdún yìí, nítorí àgùntàn?" Ó wo ọmọ rẹ̀ lójú. "Àmọ́ mi ò ní purọ́ fún ọ. Ká ní o sọ fún mi nígbà yẹn, bóyá ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni ǹ bá sọ. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn náà, ọ̀rọ̀ ò sí lẹ́nu mi ni, ẹ̀rù bà mí kí n má sọ èyí tí ò dáa. Mo wá lọ bá Glenys. Mo ní kó kọ́ mi. Ó bú mi dáadáa kó tó fún mi ní tíì."

Ó sọ̀kalẹ̀, ó fi ìka tọ́ka sí ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, níbi tí erùpẹ̀ ti dì mọ́ ọn. Wọ́n wò ó. Sítíkà òṣùmàrè ni, ó lẹ̀ ní wíwọ́, tuntun gbọ̀ngbọ̀n.

"Glenys ní alátìlẹ́yìn ni wọ́n ń pe irú mi. Ó ní àyè kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣófo nínú ẹgbẹ́, ẹni tó wà níbẹ̀ ti kúrò." Ó fi ẹsẹ̀ ti igi kan. "Oníkoríko, ṣé o máa dúró máa sunkún ni, àbí o máa bá mi to igi?"

"Mo ń bọ̀, Des."

"Dádì ni wọ́n ń pè mí nílé yìí."

Ewé tuntun tún yọ, ẹyẹ tún bímọ. Ní oko Des ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó náà, lórí koríko tí ebi ò pa mọ́. Ìpè wọn kò gùn: Ẹ wá, ẹ gbé àwo wá. Àǹtí Glenys kí gbogbo èèyàn káàbọ̀ sórí ilẹ̀ àwọn baba rẹ̀. Tegan ń din sọ́séèjì àti àlùbọ́sà, ó ń fi búrẹ́dì wé e fún ẹnikẹ́ni tó bá na ọwọ́, Graham sì ti na ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Merike jáde. Ó wọ aṣọ funfun, ike áísìkirímù wà lórí rẹ̀, òdòdó yí i ká, ojú ńlá méjì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé àwo funfun dání, òfìfo. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Lorelle mú lamington kan, ó gbé e sínú àwo náà. "Níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láàyè," ló wí, "àwo rẹ kò ní ṣófo."

"Kallis," ni Merike wí, "o wọ́n gan-an. Àmọ́ mo ti san án tán. Ẹyẹ ti sọ mí lórí tó."

Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Des dúró lẹ́yìn àwọn méjèèjì, àyà rẹ̀ yọ síwájú, níbi tí alátìlẹ́yìn ń dúró sí. Merike sì kọ orin ìgbéyàwó, gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀, ti ara rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Màgípàì kan bà sórí ọgbà, ó tẹ orí, ó gbọ́ ọ dé òpin.

Ẹ gbè é fún mi kẹ́yìn:

Ẹyẹ dúdú, ẹyẹ funfun,
— O ò sọ mí lórí mọ́.
Mo ti délé ẹni tó wù mí,
— O ò sọ mí lórí mọ́.
Wá jẹ nínú àwo wa,
— O ò sọ mí lórí mọ́.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, kálukú wá àwo tó gbé wá, ó nù ún, ó ń lọ sílé. Àwo òfìfo ni gbogbo wọn gbé lọ. Ikùn ló kún.